Aládùúgbò Aláriwo, Ilé Tuntun, àti Ohun tí Ifá Sọ fún Mi

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má jọ ìwàásù létí yín. Ọ̀rọ̀ ariwo ni. Ọ̀pọ̀ ló ń wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi, tó jẹ́ pé nígbà tí a bá tú ọ̀rọ̀ dé ìdí, àìsùn ló gbé wọn wá. Wọ́n á ní ayé ń bá àwọn jà. Wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àjà lóru. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé ẹnì kan ń gbé lókè yín?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo á ní, "Ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni yẹn nìyẹn?" Wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ Ifá mọ́.

Mo lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín torí pé èmi fúnra mi ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń hùwà ìbàjẹ́ la sábà máa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ bí wọ́n ṣe pa á gan-an. Oorun ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó jẹ kòkòrò wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú wa, ìró rẹ̀ ń wọlé tọ̀ wá lóru. Òwe náà kò ní ká lé e jáde. Kò ní ká gbé e ṣépè. Ó ní ká sọ fún un. Ohun kan ṣoṣo yẹn ni mi ò ṣe fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ní ìgbà òtútù kan, ayálégbé tuntun kó sí òkè wa. Ilé tí à ń gbé nígbà náà, ní gúúsù London, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria fún ìdílé kan ṣoṣo, tí wọ́n wá gé sí fúláàtì mẹ́ta. Pákó ni àjà tó wà láàárín wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Kí ẹni tuntun tó dé, onílé ti ká a kúrò, ó to pákó dídán síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbésẹ̀ obìnrin náà tí a kò mọ̀. Aago kan òru, ẹsẹ̀: gbì, gbì, gbì. Aago méjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ lórí pákó nígbà tó bá ń fún aṣọ, ẹ mọ̀ pé ó dà bí ìgbà tí bàálù fẹ́ gbéra ni. Ọmọ kékeré á jí, á máa sáré láti yàrá dé yàrá.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, aago mẹ́fà ìdájí ló ń jáde. Ó ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Èmi wá di oníbìínú. Mo ń jágbe mọ́ àwọn ìbejì lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lóru, mo á mú ìgbálẹ̀ onígi, mo á fi ìdí rẹ̀ gún àjà. Òkè á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á tún le sí i. Bí èmi àti ẹni tí mi ò tíì rí ojú rẹ̀ rí ṣe ń bá ara wa ṣọ̀rọ̀ nìyẹn, èmi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, òun pẹ̀lú gìgísẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ gbà mí lọ nìyí. Awo ẹlẹgbẹ́ mi kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń jìyà o. Ẹ ò ṣe fi nǹkan lé e kúrò? Kó tó di ọjọ́ méje, á kó ẹrù rẹ̀." Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo rò ó. Mo mọ ohun tí mo máa lò. Mo tilẹ̀ lọ sí Peckham, mo ra ọ̀kan nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, kí ẹlòmíì má baà máa rò ó bíi tèmi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi rí i, kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn náà kò jẹ́ kí n sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ní kí n kọ́kọ́ bi Ifá. Ká sòótọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn ni mo fẹ́; àṣẹ ni mo fẹ́ gbà. Mo mú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Mi ò ní dárúkọ odù tó jáde, tèmi ni. Ibi ló yọ. Ẹ gbọ́, inú mi dùn! Mo ní mo ti mọ̀, obìnrin yẹn ni. Mo di ibò: ṣé ọ̀tá ni? Ó ní rárá. Ṣé àjẹ́ ni? Rárá. Mo ń bi í lọ títí ó fi ku ẹyọ kan tí mi ò fẹ́ bi. Ṣé àfọwọ́fà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àfọwọ́fà kẹ̀! Èmi tí mi ò rí oorun sùn ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á? Mo jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ gbì gbì lókè orí mi. Mo tún di ibò. Ṣé kí n lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní káńsù? Rárá. Ṣé kí n lọ bá a sọ̀rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá lókè, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Òṣogbo, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ lóru ọjọ́ náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, wọ́n rí i pé ilẹ̀ dára, omi wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa igbó. Igi kan wó lulẹ̀ sínú odò. Ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, bí ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Òru ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ẹ̀yin ará, ta ni aláriwo nínú rẹ̀? Ọ̀ṣun ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó ń pa aró rẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn ènìyàn ló dé tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń fọ́ nǹkan onínǹkan, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé nísàlẹ̀. Òrìṣà ni, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Odò ni, ó lè gbé wọn lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ fún wọn. Àwọn náà gbọ́. Wọ́n kúrò létí odò, wọ́n lọ tẹ̀dó sí ibi tó ga díẹ̀, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú tí à ń ṣe ọdún rẹ̀ dòní ní oṣù kẹjọ. Igbó Ọ̀ṣun ṣì wà níbẹ̀, ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ìlú ń pariwo níhìn-ín, igbó dákẹ́ lọ́hùn-ún.

Ní Sátidé, mo gun òkè lọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo," ó di àkàrà gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan yọjú, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ìyàwó mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kan nǹkan ní aago márùn-ún ìdájí?"

Kí ni mo ń kàn? Ìrọ́kẹ́ ni. Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa ń jókòó síwájú Ifá mi, mo máa ń fi ìrọ́kẹ́ lu ọpọ́n, mo máa ń jí Ifá, mo sì máa ń sun ìyẹ̀rẹ̀. Ohùn mi kì í ṣe kékeré. Ojúgbọ̀nà mi kọ́ mi pé ẹni tó ń pe Ifá kì í gbé ohùn mì. Yàrá tí mo gbé Ifá sí wà lábẹ́ yàrá ọmọ rẹ̀ gan-an.

Ó ní òun ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárín ìlú, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Àbúrò òun ló ń bá òun wo ọmọ. Aago kan òru lòun ń wọlé. Ìgbà yẹn lòun ń jẹun, ìgbà yẹn lòun ń fọṣọ iṣẹ́. Aago mẹ́ta lòun ń sùn. Aago márùn-ún, bàbá ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbà mí sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, ó ti fẹ́ kó o lọ sí káńsù. Ó tan ọ̀kan kí n gbọ́. Ẹ̀yin ará mi, ìyẹ̀rẹ̀ dùn lẹ́nu ẹni tó ń sun ún. Láti òkè àjà, ó dà bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Mo tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ kan kan ilẹ̀. Kò mọ ohun tí mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. A jọ jẹ àkàrà. Mo gbé Ifá kúrò ní yàrá yẹn sí apá ibi ilé ìdáná, mo tẹ́ ẹní méjì sábẹ́ ọpọ́n, mo sì sún ọ̀sẹ̀ mi sí aago mẹ́jọ. Òun ra kápẹ́ẹ̀tì kékeré fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọṣọ ní Sátidé. Ariwo kò tán o. Ọmọ ò mọ kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ní aago kan òru, mo mọ ẹni tó ń rìn, mo mọ ibi tó ti ń bọ̀, mo á yíra padà. Ohun tó wà nínú ọ̀rá, mo gbé e sọnù.

Àwọn kan á ní, òfin ńkọ́? Òfin wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Noise Act ti 1996 ka aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ sí òru, káńsù sì lè kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ẹni tí ariwo rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n ní àkókò yẹn. Environmental Protection Act ti 1990 náà wà fún ariwo tó bá di ìnira gidi. Bí ó bá jẹ́ pé orin àti àríyá ni wọ́n fi ń pa yín, tí ẹ ti sọ̀rọ̀ títí tí wọn ò gbọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ lọ sọ. Ifá ò ní ká máa jìyà nítorí pé a jẹ́ ẹlẹ́sìn. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ní 1999, àwọn adájọ́ House of Lords gbọ́ ẹjọ́ àwọn ayálégbé kan ní Southwark tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí ará ilé kejì ń ṣe, látorí tẹlifíṣọ̀n títí dórí ìjà àti eré ìfẹ́. Àwọn adájọ́ káàánú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó kàn ń gbé inú ilé rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń gbé inú ilé kò ṣẹ̀ sófin. Bí mo bá pe obìnrin náà lẹ́jọ́ nítorí ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n pàdánù. Bí òun bá pè mí nítorí ìrọ́kẹ́ àti ìyẹ̀rẹ̀ aago márùn-ún, mi ò rò pé màá ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Láti ìgbà tí òrìṣà ti gúnlẹ̀ ní òkè òkun ni ìlù wa ti ń bá etí aládùúgbò pàdé. Ẹ má jẹ́ ká da oríṣi méjì pọ̀ ṣá. Ní Bàhíà, títí di 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lè ṣe ọdún. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun ẹnikẹ́ni, ìnilára ni, torí kò sẹ́ni tó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì gba ìwé kó tó lu agogo. Nígbà tí Ìyá Aninha dá Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní 1910, São Gonçalo do Retiro ló lọ, tí ó jìnnà sí ìlú nígbà náà. Ní Amẹ́ríkà, Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní New York, wọ́n dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Níbẹ̀ náà, aáwọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò lórí ìlù àti àwọn tó ń wá wòran wà lára ohun tó mú kí wọ́n ṣí lọ sí ibi tí wọ́n wà dòní. Ẹni tó kórìíra òrìṣà àti ẹni tí oorun ń pa lè kan ilẹ̀kùn lọ́nà kan náà. Èmi rò pé ó yẹ ká ṣílẹ̀kùn ná, ká gbọ́ èwo ni, ká tó pariwo pé wọ́n ń ṣe inúnibíni sí wa.

A padà kó. Kì í ṣe nítorí obìnrin náà. Ilé ọtí kan ló ṣí ní kọ̀rọ̀ wa, èyí tí àkàrà kò lè tán ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ìbejì sì ti ń dàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ilé àkọ́kọ́ tí a rí, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. A lọ wò ó ní ọjọ́ Túsìdeè, aago mọ́kànlá àárọ̀. Jẹ́ẹ́. Éjẹ́ǹtì ń fọ̀rọ̀ dídùn pa wá. Mo délé, mo di ibò, Ifá ní rárá. Mo bínú, mo fẹ́ bá a jiyàn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká padà lọ lálẹ́, ká lọ wo ohun tí Ifá ń rí." A lọ ní alẹ́ Fúráìdè, a jókòó sínú mọ́tò. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kọjá lẹ́yìn ọgbà. Mọ́tò gbọ̀n, àwa náà gbọ̀n. Kó tó di ọ̀gànjọ́, mẹ́ta ti kọjá. Ifá mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi náà sì mọ ohun tí ó yẹ ká ṣe, torí Ifá ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó di etí ara rẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó gbówó sílẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀ lóru, ẹ lọ ní ìdájí, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ bèèrè ẹni tó wà lókè àti ohun tó tẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìka kan ògiri. Èyí tó bá dún bí igbá, ẹ ó máa gbọ́ ará ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹni tó ń tà á máa ń kọ, TA6 ni wọ́n ń pè é. Ó ń bèèrè bóyá aáwọ̀ ti wà pẹ̀lú aládùúgbò. Ẹ kà á dáadáa, ẹ má kàn fọwọ́ sí i. Ẹ tún wá ibi tí Ifá yóò wà, kó má jẹ́ pé orí ibùsùn ẹlòmíì ni ẹ̀yìn ògiri rẹ̀. Èyí tó ṣòro jù ni ká bi ara wa bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ á lè fara da àwa náà. Àwọn bàbá wa kò gbé igbódù sí àárín ọjà. Wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tó ń fẹ́ ìdákẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ohun kan wà tí kò yẹ kí gbogbo etí máa gbọ́. Ẹni tó bá ní bàtá kò gbọdọ̀ dún, kó lọ sọ fún Ṣàngó, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gba gbọ̀ngàn fún ọdún Ṣàngó, ẹ má fi fúláàtì ṣe é.

Fún èmi, òru ni mo ti ń gbọ́ Orí mi dáadáa. Kò ní ohùn ńlá. Oṣù mẹ́ta tí mi ò sùn yẹn, mi ò gbọ́ ọ rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó pè mí lórí fóònù.

Ilé tí Ifá gbà fún wa kéré ju èyí tí a fẹ́ lọ, ó sì jìnnà sí ibùdókọ̀. Lọ́jọ́ tí a kó dé, kí n tó tú ẹrù Ifá, kí n tó gbé Èṣù sẹ́nu ọ̀nà, mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀tún àti òsì. Mo sọ fún wọn pé ẹlẹ́sìn ni mí, pé ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wọ́n á gbọ́ mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àti pé bí ó bá pọ̀ jù, kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gún ògiri, kí wọ́n wá sọ fún mi. Ìyá àgbà ọwọ́ ọ̀tún ní òun kì í ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ etí kó tó di aago mẹ́sàn-án, kí n máa kọrin mi lọ. Bàbá ọwọ́ òsì ní ajá. Ajá náà máa ń gbó ní aago mẹ́fà, ó sì máa ń gbó pọ̀. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ń dúró kí ìyàwó mi ní ààyè dín àkàrà.

Àbọrú, àbọyè o.